Eérú, Ọyẹ́ àti Bàálù Tó Ń Gbéra ní Àkúrẹ́

Bí a bá na okùn láti Ọ̀wọ̀ tààrà lọ sí Kano, láìtẹ̀lé títì kankan, okùn náà yóò lé ní 600 kìlómítà. Bí a bá wá na òmíràn láti Ọ̀wọ̀ kan náà, kí ó forí lé gúúsù ìlà oòrùn, kò ní tó 550 kìlómítà tí yóò fi kan Òkè Cameroon, òkè ayọnáyèéfín tó ga ju 4,000 mítà lọ, tó sì bú ní ọdún 1922, 1954, 1959, 1982, 1999 àti 2000. Ará Ìfọ́n tún súnmọ́ ọn ju ará Ọ̀wọ̀ lọ. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé bí a bá dárúkọ eérú òkè oníná ládùúgbò wa, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Iceland tàbí Indonesia ni, pé kò kàn wá. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, oníṣòwò Ìdóàní tó ń ná ọjà Douala àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Àbújá, ojú ọ̀run kan náà ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí bàálù bá ti wọ inú eérú tàbí eruku tó ki, ohun tí awakọ̀ lè ṣe kò pọ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tó tètè dé kí ọkọ̀ tó gbéra ló ń gba ẹ̀mí là. Àlàfo tó tóbi jù lọ lọ́dọ̀ tiwa sì wà láàárín ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ yẹn àti èrò tó yẹ kí ó gbọ́ ọ.

Orúkọ náà pàápàá ló kọ́kọ́ ń tan èèyàn jẹ. Eérú tí a mọ̀ ni ti ààrò, ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí igi bá jóná tán, tó fúyẹ́, tó rọ̀, tí èèyàn lè fi ẹnu fẹ́ dànù. Eérú òkè ayọnáyèéfín kò bá a tan rárá. Òkúta ni, tí agbára inú ilẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, àti gíláàsì tó gan lójijì bí òkúta yíyọ́ ṣe bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tútù. Bí a bá fi awò asọǹkan-dńlá wò ó, etí rẹ̀ mú bí àfọ́kù ìgò. Kì í yọ́ sínú omi, kò sì rọ̀ débi tí yóò fi kọjá lára irin láìha á. Ẹ́ńjìnnì bàálù ńlá ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láìdákẹ́, ó ń fún un pọ̀, ó ń da epo sí i, ó sì ń ṣáná sí i nínú yàrá kan tí ooru rẹ̀ máa ń kọjá 1,400°C. Ooru tí àwọn àgbà amọ̀kòkò Ọ̀wọ̀ fi sun àwọn ère amọ̀ tí awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo wú jáde ní Igbó'Laja kò lè dé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Gíláàsì inú eérú a máa yọ́ ní nǹkan bí 1,100°C. Ẹ wá wò ó bí ó ṣe ń lọ. Eérú bá afẹ́fẹ́ wọlé, ó dé ibi iná, ó yọ́, afẹ́fẹ́ gbá a síwájú, ó sì lẹ̀ mọ́ àwọn abẹ irin tó wà lẹ́yìn iná náà, níbi tí ooru ti dín díẹ̀. Ẹni tó bá ti da ṣúgà sínú ìkòkò gbígbóná rí mọ irú rẹ̀: ó yọ́, ó ń fà, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, bí ó bá sì tutù, ó le gbagidi. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ń dí, títí ẹ́ńjìnnì yóò fi há, tí iná inú rẹ̀ yóò sì kú.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó kún fún èrò. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1982, bàálù Boeing 747 ti British Airways, tó ń ti Kuala Lumpur lọ sí Perth, wọ inú eérú Òkè Galunggung ní erékùṣù Java. Èèyàn 263 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ rí iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lójú gíláàsì iwájú; èéfín tó ń rùn bí ìṣáná ń wọ ibi tí àwọn èrò jókòó sí; láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Ọkọ̀ tó wà ní 37,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè ń rọra wálẹ̀ bí ẹyẹ tó na apá sílẹ̀ láìjù ú. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí 12,000 ẹsẹ̀ bàtà, tó ti jáde kúrò nínú eérú, tí gíláàsì inú ẹ́ńjìnnì ti tutù, tó sì ti ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ni àwọn ẹ́ńjìnnì tún gba iná. Ọ̀gá awakọ̀, Eric Moody, gbé e balẹ̀ ní Jakarta pẹ̀lú gíláàsì iwájú tí eérú ti ha títí tó fi funfun, tí kò ṣeé wò kọjá mọ́. Gbogbo èrò ló yè. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1989, ohun kan náà bá bàálù KLM tó ń lọ sí Anchorage ní Alaska, nígbà tí Òkè Redoubt bú. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin kú, ọkọ̀ náà já wálẹ̀ ju 14,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ kí wọ́n tó jí. Èèyàn 245 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n yè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi tún bàálù náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 80 dọ́là. Èèyàn lè sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò kú nínú méjèèjì, ẹ̀rù náà ti pọ̀ jù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gíga tí wọ́n wà ló fún wọn láyè láti já bọ́ kí wọ́n sì tún jí. Ọkọ̀ tó bá wọ eérú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra, tàbí tó ń súnmọ́ ilẹ̀, kò ní 25,000 ẹsẹ̀ bàtà tí yóò ná.

Ohun tó le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ojú kò tó o. Rádà tí bàálù fi ń wo ìjì níwájú, ẹ̀kán omi ni wọ́n ṣe é fún. Eérú gbígbẹ kì í hàn lójú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ojú èèyàn náà kò rí i. Ní oṣù kejì ọdún 2000, bàálù ìwádìí DC-8 ti àjọ NASA gba ẹ̀gbẹ́ eérú Òkè Hekla ti Iceland kọjá fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méje. Àwọn awakọ̀ kò rí nǹkan kan, wọn kò gbọ́ òórùn, aago iwájú wọn kò sọ pé nǹkan yí padà. Àwọn irinṣẹ́ ìwádìí inú ọkọ̀ nìkan ló mọ̀ pé eérú wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì náà wò, ó ti bàjẹ́ nínú, àtúnṣe rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Bàálù akérò kì í gbé irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni ayé ṣe dá ibùdó mẹ́sàn-án sílẹ̀ tí ń ṣọ́ eérú lójú ọ̀run. Ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń mójú tó ìhà Iceland. Ti Toulouse ní ilẹ̀ Faransé ló ń mójú tó ilẹ̀ Áfíríkà. Bí Òkè Cameroon bá tú eérú sókè lónìí, Toulouse ni ìkìlọ̀ yóò ti jáde fún bàálù tó bá ń gba òkè Calabar tàbí Douala kọjá. Ẹni tó wà lórí àga ìwakọ̀ kò ní ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ láti gbẹ́kẹ̀ lé.

Eruku tí àwa mọ̀ dáadáa, ọyẹ́, jọ eérú lápá kan, ó sì yàtọ̀ sí i lápá kejì. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ilẹ̀ kòtò kan wà tó ń jẹ́ Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ láti ayébáyé, tí Adágún Chad òní jẹ́ ìyókù rẹ̀. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, ìjì a máa gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi fẹ́ wá, a sì gbá ìsàlẹ̀ adágún náà sókè. Kò sí ibòmíràn láyé tí eruku ti ń dìde tó ti ibẹ̀. Èyí tó bá kọjá Kano tó sì sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa ló ń sọ oòrùn ọ̀sán di bí òṣùpá lórí àwọn òkè Ìdóàní, òun ló ń jókòó sórí páànù ilé ní Ọ̀wọ̀, òun náà ni ẹni tó sá láfún sí ẹ̀bá títì Ìfọ́n fi ń ká a kíá kó má baà pọ́n. Yanrìn àti àwókù èèpo ohun abẹ̀mí kéékèèké inú omi àtijọ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Yanrìn kì í tètè yọ́ bí gíláàsì òkè oníná, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ kì í fi í pa ẹ́ńjìnnì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń jẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, ó ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń rí ìyẹn nígbà àyẹ̀wò. Ewu tó ń fà fún èrò ní tààrà wà ní ibòmíràn: ó ń gba ojú lọ́wọ́ awakọ̀ ní ìṣẹ́jú tó nílò rẹ̀ jù.

Ìṣẹ́jú náà ni ti ìbalẹ̀. Lókè, awakọ̀ lè fi ẹ̀rọ mọ ibi tó wà láìrí ilẹ̀ rárá. Bí ó bá kù díẹ̀ kí táyà kan ilẹ̀, ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú wa, ó gbọ́dọ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó ń balẹ̀ sí. NiMet, ilé iṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ fún Nàìjíríà, a máa pe eruku ní èyí tó ki bí ojú kò bá lè ríran kọjá 1,000 mítà. Bí ó bá wá já sí ìsàlẹ̀ 800 mítà, ìbalẹ̀ ti di ohun tí òfin kò gbà ní ọ̀pọ̀ ibi. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ sí Èkó àti Àbújá, tó lè mú bàálù balẹ̀ nígbà tí ojú kò ríran jìnnà, àmọ́ ọkọ̀ tó ń balẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó bá a mu, awakọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ. Ọ̀ràn ọyẹ́ tún yàtọ̀ sí ti òjò níbì kan. Òjò a máa rọ̀ ní Àkúrẹ́ kí oòrùn máa ràn ní Bìní, awakọ̀ yóò kàn yà sí Bìní. Ọyẹ́ lè bo ọ̀kẹ́ àìmọye kìlómítà lẹ́ẹ̀kan, kí Àkúrẹ́, Bìní, Àbújá àti Èkó jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń yà kò rí ibi tí yóò yà sí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1973, bàálù Boeing 707 tó ń kó àwọn Àlàájì bọ̀ láti Jeddah kò lè balẹ̀ ní Èkó nítorí ojú ọjọ́ tí kò dára. Ó yà sí Kano, níbi tí ìjì líle ti ń fẹ́, ó sì jóná lójú pápá lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Èèyàn 176 ló kú. Ohun tó kán ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nìkan lọ, ṣùgbọ́n yíyà tó yà láti inú ewu kan bọ́ sínú òmíràn ni mo fẹ́ ká ṣàkíyèsí.

Àwọn kan yóò ní ìṣọ́ra yìí ti di àṣejù, wọn yóò sì fi ọdún 2010 ṣe ẹ̀rí. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, Òkè Eyjafjallajökull ní Iceland bú, wọ́n sì ti ojú ọ̀run ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù pa fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà. Bàálù bí 100,000 ni kò fò. Ọkọ̀ tó yẹ kó ti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò gbéra, òdòdó tí àwọn àgbẹ̀ Kenya ti gé fún ọjà Yúróòpù sì jẹrà sílẹ̀. IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ní owó tó wọlé fún àwọn fi bílíọ̀nù 1.7 dọ́là dín. Willie Walsh, ọ̀gá British Airways nígbà náà, wọ bàálù 747 kan fúnra rẹ̀ láti fi hàn pé ojú ọ̀run ti mọ́. Àríyànjiyàn yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, n kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀: ìlànà tó wà nígbà náà ni pé bí eérú bá ti wà, ó ti wà, ìbáà ṣe bíńtín. Ṣùgbọ́n àwọn bàálù ogun Finland tó fò ní ọjọ́ 15 oṣù náà gbé gíláàsì yíyọ́ bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọn, àwọn onímọ̀ Iceland àti Copenhagen tó yẹ eérú náà wò lẹ́yìn náà sì rí i pé ó mú, ó sì le, débi tí ìbẹ̀rù àwọn tó ti ojú ọ̀run pa fi jẹ́ òtítọ́. Ohun tí àríyànjiyàn náà bí ló wú mi lórí. Àwọn aláṣẹ kò ní kí awakọ̀ máa fi àyà fò. Wọ́n lọ ṣe òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n pín eérú sí ìsọ̀rí ní Yúróòpù: èyí tó wà láàárín mílígíráàmù 0.2 sí 2 nínú afẹ́fẹ́ tó gba mítà kan ní gígùn, ìbú àti gíga. Láti 2 sí 4. Àti èyí tó ju 4 lọ. Bí òṣùwọ̀n bá ti wà, ẹnu ọ̀nà lè ṣí níbi tó yẹ, kí ó sì wà ní títì níbi tó yẹ.

Àwọn mìíràn yóò ní Òkè Cameroon kì í ṣe irú Galunggung, pé òkúta yíyọ́ ló máa ń ṣàn jáde nínú rẹ̀ ju eérú lọ. Òótọ́ ni. Ní 1999, òkúta yíyọ́ náà ṣàn sọ̀kalẹ̀, ó gé ọ̀nà Limbe sí Idenau, ó sì dúró nítòsí òkun. Ti 1922 wọ inú òkun gan-an. Ojú ọ̀run wa kò dí. Síbẹ̀ mi ò rí ẹni tó lè bá òkè dá májẹ̀mú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, Òkè Nabro ní Eritrea, tí kò sí àkọsílẹ̀ pé ó bú rí, bú lójijì, eérú rẹ̀ sì da ìrìn àjò òfurufú rú ní ìlà oòrùn Áfíríkà débi pé Hillary Clinton, tó jẹ́ Akọ̀wé Ọ̀rọ̀ Òkèèrè fún Amẹ́ríkà, ní láti tètè kúrò ní Addis Ababa. Bí òkè tí ẹnikẹ́ni kò fura sí bá ṣe báyìí, èyí tó bú ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọgọ́rin ọdún tọ́ sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Àtakò tó wúwo jù lọ kò ti ẹnu onímọ̀ wá; ẹnu èrò ló ti wá, àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ ló sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i jù. Wọ́n ní: ẹ ní kí bàálù má fò nítorí ọyẹ́, ọ̀nà wo lẹ wá fẹ́ ká gbà? Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò gbéra ní Ọ̀bà-Ilé, níbi tí pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ wà, mọ́tò ni yóò wọ̀. Ará Ìfọ́n tó bá ti Àkúrẹ́ padà sílé yóò gba Ẹ̀múrè-Ilé, yóò gba Ọ̀wọ̀, yóò sì gba Ẹlẹ́gbẹ̀ká, níbi tí àwọn agbébọn ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ọba aládé ni, lójú títì tí gbogbo wa ń gbà. Ọyẹ́ tó sì dí ojú awakọ̀ bàálù kò la ojú awakọ̀ mọ́tò. N kò ní ẹnu láti sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rù ọ̀nà yẹn pé kó lọ fọkàn balẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ewu ọ̀nà kò lè di ìdí tí awakọ̀ bàálù yóò fi balẹ̀ sí ibi tí kò rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC gbéra ní Àbújá nínú ìjì tí gbogbo èèyàn ń wò, ó já lulẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, ó sì pa èèyàn tó lé ní 90, Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára wọn. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé gbígbéra nínú ojú ọjọ́ tó hàn pé kò dára wà lára ohun tó fà á. Ewu ọ̀nà ni kí ìjọba dojú kọ lójú ọ̀nà. Ohun tí ọyẹ́ ń bi wá léèrè ni bóyá èrò Ìfọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde sí ojú ọ̀nà náà kí ó tó gbọ́ pé ọkọ̀ kò ní fò.

Àtakò kan bá èyí rìn, ẹ ó sì gbọ́ ọ ní gbogbo pápákọ̀ òfurufú: irọ́ ni wọ́n ń pa, ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́, wọ́n wá ń fi ọyẹ́ bojú. Ìfura yìí kò ti ojú ọ̀run bọ́; ilé iṣẹ́ tó bá fi èrò jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsọ ohun kan ló bí i. Ṣùgbọ́n ó léwu ju bí a ṣe rò lọ, nítorí èrò tí kò gba ìkìlọ̀ gbọ́ a máa pariwo mọ́ òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ a máa ti ọ̀rọ̀ náà sórí awakọ̀, awakọ̀ náà sì jẹ́ èèyàn. NiMet ń wọn bí ojú ṣe ń ríran ní pápákọ̀ òfurufú. NCAA, àjọ tó ń ṣòfin ọkọ̀ òfurufú, náà a máa kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ bí ọyẹ́ bá ti wọlé lọ́dọọdún. Bí iye mítà tí NiMet wọ̀n ní Àkúrẹ́ láàárọ̀ yẹn bá wà lójú pátákó níbi tí èrò jókòó sí, tí wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, tí òdiwọ̀n tí ọkọ̀ nílò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò nílò kí a bẹ òun kó gbàgbọ́. Ẹni tó bá rí 500 níbi tó yẹ kí ó rí 800 yóò mọ̀. Ẹni tó bá rí 4,000 tí wọ́n sì ń sọ pé ọyẹ́ ni, yóò mọ̀ bákan náà, yóò sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ láti fi sùn wọ́n.

Pátákó yẹn yóò ran ẹni tó ti dé Ọ̀bà-Ilé lọ́wọ́. Ti ẹni tó ṣì wà nílé ló ká mi lára jù. Ọyẹ́ kì í dédé bọ́ lulẹ̀ bí òjò òjijì. Láti ìgbà tí ìjì bá ti gbé e ní Bodélé ni ẹ̀rọ ojú sánmà ti ń rí i, NiMet sì ń sọ tẹ́lẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta tó ń bọ̀ yóò ṣe rí. Ìkìlọ̀ náà ń jáde. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sábà máa fi ń jáde, fún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ló sì máa ń pin sí. Rédíò OSRC àti Positive FM wà ní Àkúrẹ́, wọ́n ń sọ Yorùbá, wọ́n sì ń dún dé Ọ̀wọ̀. Nọ́ńbà fóònù gbogbo èrò wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ ìpolówó. Iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá: kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ránṣẹ́ sí èrò lálẹ́ pé ọyẹ́ ń bọ̀, pé ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ òwúrọ̀ má gbéra, pé ó lè sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú láìsan kọ́bọ̀ lé e, kí rédíò sì kà á pẹ̀lú ìròyìn alẹ́, ní èdè tí ìyá tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́. Èrò Ìdóàní tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò gbéra ní Àkúrẹ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ máa ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí eruku bá ti kọjá Kano ní ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí ó ti gbọ́ kí ó tó di báàgì rẹ̀.